Ojú Ewé Àkọ́kọ́

Òjò òru ti dá, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì rọ̀. Àbíkẹ́yìn mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 5 nígbà yẹn, kúnlẹ̀ sẹ́bàá ẹrẹ̀, ó tẹjú mọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ekòló ló rí. Ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, ẹ wá wò ó. Ta ló kọ èyí?"

Ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ ni. Ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó tò lọ bẹ́ẹ̀ títí dé àárín ẹrẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró lójijì. Ọmọ náà fi ìka tirẹ̀ tọ ipa náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ibí ló gbà wá. Ó dúró níbí. Ó wá fò lọ."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí èmi àti ọmọ yìí ti ń fà á lórí tábìlì nítorí A, B, D. Mo gé páálí sí kéékèèké, mo kọ lẹ́tà gàdàgbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń nà án sí i lójú: "Kí nìyí? Kí nìyí?" Ó ti dé ibi pé tó bá ti rí páálí lọ́wọ́ mi, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Mo ti ń sọ nínú ọkàn mi pé ọmọ yìí ò fẹ́ràn ìwé. Òun náà ló wá kúnlẹ̀ níwájú mi yìí, tó ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ.

Kì í ṣe àfiwé ni mò ń ṣe o. Ẹ wo ohun tí ọmọ náà ṣe. Ó mọ̀ pé àmì tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ẹyẹ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló ń sọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó fi àmì sílẹ̀ ti lọ, síbẹ̀ a ṣì lè mọ ohun tó ṣe. Ó mọ ibi tó yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀, kò sì fo ọ̀kankan nínú àwọn ìpasẹ̀ náà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni "Ó wá fò lọ," nítorí kò sí àmì fífò kankan nínú ẹrẹ̀. Ibi tí àmì ti tán ni ọmọ náà ti kà á jáde. Ohun tí olùkọ́ ń bẹ̀ wá pé kí àwọn ọmọ wa lè ṣe tí wọ́n bá dé ìwé kẹta, ìwé kẹrin nìyẹn: kí wọ́n lóye ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ jáde.

Mo kó páálí náà sínú àpótí. Láti ọjọ́ yẹn, ìta ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa, nǹkan bí ìdajì wákàtí lójúmọ́. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo gbìyànjú ló yọrí sí rere, àwọn kan sì fi àkókò ọmọ náà ṣòfò, n ó sì sọ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ etí ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí ibẹ̀ ni òye mi ti kéré jù. Ojú ni mo rò pé a fi ń kàwé. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó lè so lẹ́tà mọ́ ìró, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé ìró wà nínú ọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Ọmọdé kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sọ pé "labalábá," kòkòrò aláràbarà tó ń fò ló ń wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe sílébù mẹ́rin. Ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí ló ń gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Bí a bá ti rí nǹkan, a ó fi ẹsẹ̀ ka orúkọ rẹ̀. La-ba-la-bá: ìgbésẹ̀ mẹ́rin. È-è-rà: mẹ́ta. E-wé: méjì. Nígbà tó yá a fi òkúta wẹ́wẹ́ rọ́pò ìgbésẹ̀, òkúta kan fún sílébù kan, ó ń tò wọ́n láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mi ò sọ fún un pé ọ̀nà tí ìwé ń gbà lọ nìyẹn. Gbòǹgbò ló dá ìjà sílẹ̀. Òkúta méjì ló fi ka gbòǹgbò igi, mo ní mẹ́ta ni. Ó kọ̀. Mo ní kó pe ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kó sì fi ọwọ́ kan imú ara rẹ̀. Nígbà tó dé àárín ọ̀rọ̀ náà, ó bá imú rẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là gbòò. "Nǹkan kan wà níbẹ̀!" Gbò-ǹ-gbò. Ó gbé òkúta kẹta, ó fi sáàárín. Ọjọ́ tó dé orí aláǹgbá, kò bi mí kó tó ka mẹ́rin.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí mo ti ṣìnà. Eré kan wà tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: ẹ ó wá ohun tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b, ohun tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú t. Mo gbé e bẹ́ẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé. A wá a tì. Igi, ewé, òkúta, ẹyẹ, èèrà, òjò, ìgbín, oòrùn: fáwẹ́lì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Bí ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe rí lédè wa nìyẹn, mo sì ti ń sọ ọ́ láti kékeré láì fọkàn sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wá kọ́ńsónáǹtì níbi tí kò sí.

Ìgbà tí mo ṣíwọ́ bíbéèrè pé "Kí nìyí?" tí mo wá ń béèrè pé "Kí ló ń ṣe?" ni ilẹ̀kùn ṣí. Ẹyẹ ń fò: f. Èèrà ń tò: t. Ewé já: j. Omi ń ṣàn: ṣ. Ìràwé ti gbẹ: gb. Ìgbín ń rá: r. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa, kọ́ńsónáǹtì ló ń bẹ̀rẹ̀ wọn, púpọ̀ nínú wọn kò sì ju sílébù kan lọ. Kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ́lì kan, ó tán. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ wo ló tún dẹrùn fún ọmọ láti kọ́kọ́ kà ju "fò," "tò," "já" lọ? Mo gbà gbọ́ pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe ìwé àkọ́kà Yorùbá fún àwọn ọmọ kéékèèké máa fi ọ̀rọ̀ ìṣe ṣáájú ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ohun tó ń lọ, tó ń bọ̀, ni ojú ọmọdé máa ń tẹ̀lé. Ẹnu rẹ̀ á tẹ̀lé ojú rẹ̀.

Ohùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń kọ Yorùbá ka àmì ohùn sí ọ̀ṣọ́ tí èèyàn lè yọ sílẹ̀. Ọmọ mi ò lè rò bẹ́ẹ̀ láéláé, ọ̀pọ̀lọ́ ni a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sínú omi tó dúró, ó ń ké. Mo fi imú kùn orúkọ rẹ̀ láì la ẹnu: dò-dò-mí. Mo tún kùn òmíràn: re-re-re, mo fi ọwọ́ kan orí ọmọ náà. Ó ronú díẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú omi, ọpọlọ wà nínú orí!" Láti ìgbà náà ni a ti ń kùn orúkọ nǹkan fún ara wa bí ẹni ń pa àlọ́. Òun á kùn, èmi á wá ohun náà kiri ọgbà. Bí mo bá gbé ohun mìíràn wá, á kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, á rọra ṣe é, bí ẹni tó ń ṣàánú mi.

Ní 1986, Philip Gough àti William Tunmer gbé àlàyé kan kalẹ̀ tí mo máa ń padà sí. Wọ́n ní òye ohun tí a kà dà bí ìsọdipúpọ̀: mímọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ jáde láti inú lẹ́tà, ní ìlọ́po òye èdè tí a ń sọ. Ẹni tó bá mọ ìṣirò mọ̀ pé bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó ń pe gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ìwé geerege tí kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́, kò tíì kàwé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pe orúkọ nǹkan ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ẹni tó bá sọ pé "igi" kò purọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wà, èèpo wà, ẹ̀ka wà, ìtàkùn tó lọ́ mọ́ ọn wà, ìràwé tó bo ìdí rẹ̀ wà. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ náà, nígbà mìíràn yanrìn ni, nígbà mìíràn amọ̀, ẹrẹ̀ tàbí eruku. Ọwọ́ ni ọmọ fi ń mọ ìyàtọ̀ wọn. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé "amọ̀" fún un lórí tábìlì tí yóò wọ̀ ọ́ lára tó bó ṣe wọ̀ ọ́ nígbà tí ó dì mọ́ ọn lọ́wọ́ tí kò fẹ́ ṣí. Ẹ má sì fi èdè tó ń ṣàpèjúwe dù wọ́n: òjò winniwinni, òkúta tó rí rogodo, ewé tó rí pẹlẹbẹ, ìgbín tó ń rá pálápálá. Èdè wa ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ẹnu ọmọdé sì fẹ́ràn wọn.

Ó tó ìgbà díẹ̀ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti rí i pé ọwọ́ pàápàá ń kàwé. Ní Jámánì, Friedrich Fröbel fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní orúkọ tó túmọ̀ sí "ọgbà àwọn ọmọdé" ní 1840, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ní ilẹ̀ kékeré tí wọ́n á máa gbin nǹkan sí ní tòótọ́. Ní Róòmù, Maria Montessori ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní 1907. Ó gé lẹ́tà láti ara pépà tó rí ṣákaṣàka, àwọn ọmọ á fi ìka tọ lẹ́tà náà bí wọ́n ti ń pe ìró rẹ̀. Ní 2012, Karin James àti Laura Engelhardt ní Amẹ́ríkà wo ọpọlọ àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ náà bá ti fi ọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà, ibi tí àgbàlagbà fi ń kàwé nínú ọpọlọ máa ń jí bí wọ́n bá tún rí lẹ́tà náà. Èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tàbí tí wọ́n kàn tọ ojú ìlà rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Yanrìn tútù ni pépà wa. Mo ti ra oríṣiríṣi nǹkan ìkọ̀wé fún ọmọdé, kò sí èyí tó tó o. Ìka ń wọlé díẹ̀, ilẹ̀ náà ń takò ó díẹ̀, ọwọ́ sì ń rántí. Bí kò bá dára, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́, kò sí ẹni tó rí i. Lórí ìwé, àṣìṣe á jókòó síbẹ̀ a máa wo ọmọ lójú.

Ọ̀rọ̀ b àti d wá dé, mo sì fẹ́ dúró lé e lórí, torí mo mọ iye òbí tó ń pàdánù oorun nítorí rẹ̀. Ọmọ mi ń kọ b bíi d, d bíi b. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà kọjá gbogbo rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ó gbé e wálé pẹ̀lú omijé. Èmi náà bẹ̀rù. Ìgbà tí mo ka ohun tí Stanislas Dehaene, onímọ̀ nípa ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ nípa rẹ̀ ni ọkàn mi balẹ̀. Ìwé kíkọ kò tíì ju nǹkan bí 5,000 ọdún lọ láyé, kò sí ibì kan nínú ọpọlọ tí wọ́n dá mọ́ wa fún kíkàwé. Ibi tí a fi ń dá nǹkan àti ojú mọ̀ ni ọpọlọ ń yá lò. Ibẹ̀ sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tó wúlò gan-an: ohun tó kọjú sí ọ̀tún àti èyí tó kọjú sí òsì, ohun kan náà ni.

Ẹ rò ó wò. Ọ̀pọ̀lọ́ tó kọjú síbí, bó bá yí padà, ọ̀pọ̀lọ́ náà ni. Ẹ dojú òkúta dé, òkúta náà ni. Ẹ yí ewé padà, ewé náà ṣì ni. Gbogbo ayé tí ọmọ yìí mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló jẹ́rìí sí i pé yíyípadà kò sọ nǹkan di òmíràn. Lẹ́tà nìkan ló wá ń sọ fún un pé irọ́ ni. Nítorí náà, ọmọ tó ń ṣi b pè ní d kì í ṣe òpè, ìmọ̀ tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló ń lò.

Mo mú igi tín-ín-rín kan àti òkúta rogodo kan. Mo ní, "Tí ọ̀pọ̀lọ́ bá yí padà, ṣé orúkọ rẹ̀ ń yí padà?" Ó ní rárá. "Ó dáa. Lẹ́tà ò dà bí ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́tà nìkan ló ń yí orúkọ padà." Mo fi òkúta sí ìdí igi lápá ọ̀tún: b. Mo gbé e sọ́wọ́ òsì: d. Mo gbé e sókè lápá ọ̀tún: p. Igi kan, òkúta kan, lẹ́tà mẹ́ta. Ó gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó ń tò ó, ó ń pe ìró wọn, títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò tán lọ́jọ́ kan, ó tó oṣù mélòó kan kó tó fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n omijé dá. Òkúta wẹ́wẹ́ náà la fi ń sọ o di ọ, e di ẹ, s di ṣ: ẹ fi òkúta sábẹ́ rẹ̀, ìró á yí padà lẹ́nu yín.

Ìwádìí kan wà tí Mark Changizi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006. Wọ́n ní bí ìlà ṣe ń pàdé ara wọn nínú àwọn lẹ́tà àti àmì tí ọmọ aráyé ń kọ jọ bí ìlà ṣe ń pàdé ara wọn nínú ohun tí ojú ń rí káàkiri: bíi ti T, ti L, ti Y. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, ó sì sún mi dé àṣìṣe mìíràn. Mo kó ọmọ náà jáde, a lọ ń wá lẹ́tà lára igi. A rí Y níbi tí ẹ̀ka ti pínyà. A kó ewé, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ní ìrísí M gàgàrà, odindi ọ̀sán. Ó rẹwà, mo gbé e kọ́ ara ògiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo béèrè pé, "Kí ni èyí ń wí?" Ó ní, "Ewé."

Kò jẹ̀bi. Ewé ló gbà á lọ́kàn ní gbogbo ọ̀sán yẹn, ewé àti gọ́ọ̀mù. A kò pe ìró M lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo máa ń rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò rẹ̀ máa ń dùn wò, mo sì fẹ́ kí òbí tó ń ka èyí bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ọkàn ọmọ náà wà lórí rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá jẹ́ ìró tàbí ọ̀rọ̀ tàbí ìtàn, eré ni, eré sì dára láyè tirẹ̀.

Ìgbẹ́ àti ọgbà kò lè fi f han ọmọ kó sì sọ fún un pé f nìyí. Ọmọ èèyàn ló ṣe lẹ́tà, ọmọ èèyàn ló gbọ́dọ̀ fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn láti yẹ àwọn ìwádìí lórí ìwé kíkà wò gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2000, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kíkọ́ ọmọ ní ìró àti lẹ́tà ní tààrà, ní ìtòtẹ̀léra, ń ràn án lọ́wọ́. Lẹ́tà 25 ni tiwa. Gbogbo ọjọ́ ni mo ṣì ń jókòó ti ọmọ mi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń kọ́ ọ ní tààrà, mo sì ń ka ìwé sí i létí ní alẹ́. Bí ọmọ yín kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ ìró rárá, tàbí tó ń fún ojú pọ̀ kó tó rí ẹyẹ lórí igi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò ná. Ẹni tí kò bá ní ọgbà, fèrèsé kan tó, àti ìkòkò òdòdó kan tí èèrà ń gbà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló to òkúta méjì sílẹ̀, ó ní, "E-wé." Ó gbé òkúta àkọ́kọ́ kúrò, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó ní, "Ì-wé." Ó wò mí. "Màmá, ẹ̀yìn wọn kan náà ni. Ṣé nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní ojú ewé?" Mo sọ fún un pé mi ò rò ó rí, òótọ́ sì ni. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣí ojú ewé.

Ó sá wọlé, ó mú ewé gbígbẹ kan tó ti fi sáàárín ìwé láti ìjẹta, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà. Ó jókòó sílẹ̀, ó di pẹ́ńsù mú, ahọ́n yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ ewé náà fúnra rẹ̀, láì bi mí: "ewe já bọ́." Mo ń ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Ó pa ẹnu dé, ó fi imú kùn ún, re-mí, ó sì padà fi àmì lé e lórí.